Ẹyọ Kan fún Ẹyẹlé

Nínú ìwé àjákọ aláwọ̀ ewé tí bàbá mi fi sílẹ̀,
apá òsì ló ń kọ wákàtí tí ọ̀sà kún sí,
apá ọ̀tún ló ń kọ ìbò.
Lẹ́ẹ̀dì kan náà ni, èyí tó fi ń fa ìlà sára pákó ọkọ̀;
òórùn ọ̀dà ò tíì kúrò lára rẹ̀.

Orímisàn agbẹ́kọ̀ ní Ìwàyá kò bá ẹnikẹ́ni ṣe òṣèlú.
Ṣùgbọ́n bí ìbò bá ti parí lábẹ́ igi fúrúùtù lẹ́yìn ilé ìwé,
tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè,
á ti wà níwájú, á lá ẹnu lẹ́ẹ̀dì, á kọ ọ́.

Ọdún tí wọ́n da yẹ̀pẹ̀ sójú ọ̀nà wa:
Àtùpà, igba ó lé méjìlá. Kọ́kọ́rọ́, mẹ́sàn-án.
Ọdún tí katakata ki ẹnu bọ àwọn ilé etí omi:
Kọ́kọ́rọ́, ọgọ́sàn-án ó lé méje. Àtùpà, mọ́kànlélógún.
Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, Àtùpà tún mú ipò iwájú,
bàbá mi sì kọ ọ́ wínníwínní sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀:
"Ìrẹsì. Àpò kékeré. Ó ní òkúta."

Ó mọ̀ wá bí ẹni mowó.
Ó ní àwa Ìlàjẹ, ẹnu alàgbà ìjọ là ń wò.
Ó ní àwọn Ègùn òdìkejì afárá pákó a máa fohùn ṣọ̀kan lóru,
kí ilẹ̀ tó mọ́, ìbò wọn ti di ọ̀kan bí àwọ̀n tí a ká.
Àwọn ọmọ yunifásítì tó ń háyà yàrá lọ́dọ̀ wa,
wọ́n lariwo lẹ́nu, wọn kì í sì í tètè jí.
Ẹni tí ilé rẹ̀ sún mọ́ omi jù, ó ní,
òun ló ń kọ́kọ́ yí ọkàn padà,
torí òun lomi ń kọ́kọ́ bá lórí ẹní.

Ohun kan wà tí kò rí ìdí rẹ̀.
Ẹgbẹ́ kan ń jẹ́ Ẹyẹlé,
kò ní ọ́fíìsì, kò lẹ àwòrán, kò pín iyọ̀.
Ìbò márùn-ún, ẹyọ kan.
Ẹyọ kan péré, nígbà gbogbo.
Àwọn èèyàn a máa rẹ́rìn-ín: ta ni wèrè yìí?
Wọ́n ní Húnsù ni, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì.
Húnsù búra.
Bàbá mi fa òbìrí yí ẹyọ kan náà ká, ó fi àmì ìbéèrè sí i.

Èmi ní tèmi, mo rò pé òun gan-an ni.

Ó kú lóṣù Ọ̀wàrà, ìbò ku oṣù mẹ́rin.
Mo mú ìwé náà lọ sábẹ́ igi fúrúùtù.
Kì í ṣe ẹni tí yóò wọlé ni mo bá lọ. Òdo ni mo ń dúró dè,
kí n kọ ọ́, kí n gbà pé ó ti lọ lóòótọ́.
Ilẹ̀ ti ṣú, iná fóònù ni wọ́n fi ń wo ìwé ìbò.
Agùnbánirọ̀ kan tí ohùn ti há ń gbé e sókè lọ́kọ̀ọ̀kan,
àwa náà ń bá a kà á, bí ọmọ jẹ́léósinmi.
Nígbà tó kù díẹ̀ kó tán, ó dúró,
ó yí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí iná.
"Ẹyẹlé. Ẹyọ kan."

Ẹ̀rín bú jáde. Mo bojú wẹ̀yìn.
Ìyá mi wà létí ògiri láàárín àwọn tí wọ́n jọ ń yan ẹja,
òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.
Ọ̀sà ló ń wò.
Ó ti ká àtàǹpàkò tó ní tàdáwà mọ́ inú ìṣẹ́tí aṣọ.

Mo lá ẹnu lẹ́ẹ̀dì, mo kọ ọ́.
Mi ò fi àmì ìbéèrè sí i.
Lápá òsì, mo kọ: omi ti ń fà, agogo mẹ́jọ ku díẹ̀.