Ahọ́n Eilif

Eilif ò jẹ kárọ́ọ̀tì.
Ẹ má bi mí bóyá n kò sè é jinná;
ogún ọdún ni mo ti ń dáná ní jẹ́lé-ó-sinmi etí òkun yìí,
ní erékùṣù Nọ́wè tí oòrùn ń fi wá sílẹ̀ lóṣù kejìlá
tí kì í bojú wẹ̀yìn títí ọdún á fi yí.
Mo rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, mo gún un, mo fi bọ́tà pa á lára,
mo bò ó mọ́ abẹ́ ọ̀dùnkún bí ẹni fowó pamọ́ sábẹ́ ẹní.
Ọmọ ọdún mẹ́ta fi ìka kan tú u jáde,
ó tò ó sí etí àwo lọ́kọ̀ọ̀kan,
ó ní, "Torunn, gba nǹkan rẹ."

Sunniva ẹ̀wẹ̀, tí wọ́n jọ ń jókòó,
òróró ẹ̀dọ̀ ẹja ni tirẹ̀,
èyí tí àgbà ń dimú mu.
Ó ń lá ṣíbí, ó ń lá ẹ̀yìn ṣíbí,
ó tún ń yọjú wo ìdí ìgò.
Mo ní ẹnu tirẹ̀ ló yàtọ̀,
àfìgbà tí mo bá wọn nílé ní ìdájí ọjọ́ kan:
bàbá rẹ̀ ti wọ aṣọ òjò, ó ti wọ bàtà ọkọ̀,
ó kúnlẹ̀ kí ó tó lọ sójú omi,
ṣíbí kan fún ọmọ, ṣíbí kan fún ara rẹ̀,
àwọn méjèèjì fajú ro,
wọ́n bú sẹ́rìn-ín.
Kí ni ọmọ yẹn ń mu?
Ṣé òróró ni?

Mo délé, mo ṣí ìwé tí mò ń kọ oúnjẹ sí.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, oṣù kejì: ọbẹ̀ kárọ́ọ̀tì.
Ọjọ́ yẹn ni hẹlikópítà wá gbé ìyá Eilif,
ikùn rẹ̀ ga, ojú rẹ̀ funfun bí ẹfun.
Ọmọ dúró lójú fèrèsé, ṣíbí lọ́wọ́,
ọbẹ̀ ń tutù,
ariwo òkè ń gbọn àwo lórí tábìlì.
Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ ní nǹkan kan.
Ahọ́n ò lọ iléèwé, kì í sì í gbàgbé ọjọ́;
ó ti so àwọ̀ ọbẹ̀ yẹn mọ́ àìsí ìyá,
ó ta kókó tí ọwọ́ tèmi ò lè tú.

Èmi náà sì dá kún un.
"Jẹ méjì péré, n ó fún ọ ní kéèkì."
Ọlọ́run dárí jì mí.
Ẹni tí a ń sanwó fún kí ó tó gbé òkèlè mì,
ṣé kò ní mọ̀ pé ìyà ni wọ́n bù sáwo òun?
Kéèkì ń dùn sí i,
kárọ́ọ̀tì ń korò sí i.

Ta ni èmi tí n ó bá a wí?
Bí mo bá rí awọ fẹ́lẹ́ lójú wàrà gbígbóná,
mo tún di ọmọ ọdún mẹ́rin
nílé àjèjì,
níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ orúkọ ìnagijẹ mi.

Oṣù kẹrin, ìyá Eilif dé, ìkókó láyà rẹ̀.
Ó jókòó sórí àga àwọn ọmọdé, orúnkún kan àgbọ̀n.
Kò sọ pé "jẹ ẹ́". Oorun ń kùn ún.
Kárọ́ọ̀tì tútù ló ń jẹ látinú àpò ẹ̀wù rẹ̀,
wàrùwàrù, bí ẹni tébi ń pa.
Eilif ń wo ẹnu ìyá rẹ̀.
Ó wò ó títí.
Ó na ọwọ́, ó mú ọ̀kan, ó lá a,
ó tì í bọ àpò tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo bá a níbẹ̀ nígbà tí mò ń bọ́ṣọ fún un,
ó ti rọ, irun ẹ̀wù ti lẹ̀ mọ́ ọn,
eyín kékeré kan ti kan án létí.
N kò kọ ọ́ sí ìwé pé ó jẹ ẹ́.
N kò sì kọ ọ́ pé kò jẹ.
Mo dá a padà sí àpò rẹ̀.