Ìlà Kan Lóòjọ́

Nọ́ọ̀sì Kábà ló sọ pé ẹ̀jẹ̀ mi ga ju àpáta Ògìdì lọ.
Ó fi ṣàwàdà. Èmi ò rẹ́rìn-ín.
Láti ìgbà tí Ìbítóyè ti lọ
ni oorun ti ń fi mí sílẹ̀ láago méjì òru,
tí mo ń ka igi àjà bí ẹni ń ka gbèsè.

Ó fún mi lóògùn, ó ní kí n dín iyọ̀ kù,
kí n máa rìn.
Níbo?
"Ibikíbi, Màmá. Ẹ ṣáà má yára."

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, mo ti dé ẹsẹ̀ àpáta.
Mo fi ọwọ́ lé e. Ó tutù.
Mo dúró títí ọwọ́ mi náà fi tutù.
Gbogbo ohun tí mo ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn.

Mo padà sídìí òfì ìyá mi,
èyí tí eruku ọdún mẹ́ta ti bò.
Mo hun ìlà kan. Ìlà kan péré.
Bí òwú bá já, mo ta á ní kókó,
mo mí, mo tẹ̀ síwájú.
Lọ́jọ́ kan ẹkún ni mo hun;
ó ṣì wà níbẹ̀, lápá òsì, ó wọ́.

Mo ti ń jẹun láìtan rédíò.
Ṣé bí ẹ̀gúsí ṣe ń dùn látijọ́ nìyí?

Òtítọ́jù ń kọjá lọ sóko: "Ọ̀kun o, Ìyá!"
Mo dáhùn. Ohùn mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lónìí.

Aṣọ náà ò tíì tó ìró.
Ó ti tó bo orúnkún.
Lánàá, àkùkọ ló jí mi.