Ohun Tí Mo Rí Lórí Òkè Kudrna

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Lùtẹ́rán,
a máa ń jókòó yí tábìlì ìjẹun ká, àwa mẹ́sàn-án,
òjé ń yọ́, èéfín rẹ̀ ń ta wá nímú.
Ọwọ́ Laddie Kudrna máa ń gbọ̀n bó bá di ife kọfí mú,
ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin;
ṣùgbọ́n fi irin gbígbóná lé e lọ́wọ́,
á dúró ṣinṣin bí ẹyẹ tó bà sórí wáyà.
“Twyla, má fi òjé kan irin.
Mú wáyà gbóná, òun fúnra rẹ̀ á pe òjé wá.”
Mo ba rédíò méjì jẹ́ kí ẹ̀kẹta tó fọhùn.
Nígbà tó fọhùn, ọkùnrin kan ní Saskatchewan
ló ń ṣàlàyé fún ẹnìkan bí a ṣe ń rẹ ẹ̀wà.
Mo sunkún. Ẹ má bi mí pé kí ló dé.

Eliseo, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, gé téèpù ìwọ̀n bàbá rẹ̀,
ó dè é mọ́ páìpù omi, ó ní áńtẹnà ni.
Áńtẹnà ni lóòótọ́.
Bàbá rẹ̀ ń wá téèpù títí dòní.

Nínú oṣù Kẹta, Joyleen Amack dé láti ọ́fíìsì ojú-ọjọ́,
ó gbé àwòrán ìkúùkù kọ́ ara ògiri
lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jésù àti àwọn àgùntàn.
“Èyí ń yí. Èyí kò yí. Èyí kàn ń díbọ́n.
Ẹ má sọ fún mi pé yìnyín tóbi:
ṣé ó tó ẹ̀wà ni, àbí ó tó ẹyin adìẹ?
Ẹ má sọ fún mi pé ẹ̀rù ń bà yín,
ẹ̀rù kò ní ìwọ̀n.”
A kì í kúkú rí erin tán
ká ní a rí nǹkan fìrí.

Ó di oṣù Karùn-ún. Ojú ọ̀run dà bí ẹsẹ̀ tí ẹṣin tẹ̀,
ó wú, ó di àwọ̀ ewé.
Mo wa ọkọ̀ gun òkè, mo kọ imú rẹ̀ sí ọ̀nà àsálà.
Afẹ́fẹ́ dá. Àwọn màlúù pé jọ sí igun ọgbà, wọ́n kẹ̀yìn sí i.
Nǹkan kan sọ̀kalẹ̀ lábẹ́ ìkúùkù,
dúdú, tínrín, bí ọmú ewúrẹ́.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ààjà gbé òrùlé wa lọ,
tó gbé Rollie àbúrò mi mọ́ ọn.
A rí òrùlé lọ́jọ́ kejì.
Rollie, ó di ọjọ́ kẹrin.

Àtàǹpàkò mi wà lórí bọ́tìnì.
Nísàlẹ̀, Haskett ń jẹun alẹ́, irinwó ènìyàn ó lé mẹ́jọ.
Ọdún méjìlélógún ni mo fi wa bọ́ọ̀sì iléèwé,
kò sí fèrèsé tó ń tàn níbẹ̀ tí n kò mọ ọmọ inú rẹ̀.
Ọ̀rọ̀ kan péré, fèrè ìlú á ké.
Ọkàn mi ń pariwo: Erin! Erin!
Mo fi igi kan ṣe àmì. Mo ka ọgọ́ta.
Mo tún ka ọgọ́ta.

Kò yí.
Ó kàn ń wọ́ lọ bí aṣọ tó já lórí okùn.
Bí kò bá sí erin, ká ní kò sí erin:
òun ló wúwo jù lẹ́nu.

Mo pe orúkọ tí ìjọba fún mi,
tí kò mọ ìyá, tí kò mọ bàbá, lẹ́tà mẹ́rin, nọ́ńbà kan.
“Ìwọ̀-oòrùn, bíi máìlì mẹ́ta. Kò yí.
Mo tún un sọ: kò yí.”
Ohùn Laddie dáhùn láti abẹ́ ilẹ̀, láìgbọ̀n:
“A gbọ́. Dúró síbẹ̀.”

Mo dúró. Ẹni eji bá rí leji ń pa;
ó rí mi, mo ti gbàgbé wíńdò ní ṣíṣí.
Yìnyín kan fò wọlé, ó bà sí itan mi.
Mo gbé e lé owó ẹyọ, mo wò ó dáadáa.
Sẹ́ńtì kan, ni mo wí fún wọn.
Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.