Òrùka Inú Igi

Ọ̀kun o, ẹ̀yin tí ẹ wá fi ayùn gé páìnì bàbá mi.
Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ ti kùkùté yìí ná.
Ẹnjìnnì yín lè dúró. Oòrùn ò tíì kúrò lójú ọ̀run Mọ̀pà.

Àbàtà ni ibí yìí tẹ́lẹ̀,
ilẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò,
ewé jíjẹrà lórí ewé jíjẹrà,
ẹsẹ̀ á wọlé dé orúnkún, bàtà ò ní bá a jáde.
Àwọn ará ilé ní, "Médùúpín, ìrẹsì ni kí o gbìn síbẹ̀."
Bàbá mi ò dáhùn. Ó gbẹ́ kòtò mẹ́rin lọ sódò,
omi ń wọ́ jáde bí àlejò tí wọ́n lé,
èmi ni mò ń fi ọkọ́ kó ẹrẹ̀ inú rẹ̀ lọ́dọọdún.

Ọdún méje, páìnì ò ga jù mí lọ.
Ewé rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tí ibà ń ṣe.
Ọ̀gá kan wá láti ọ́fíìsì igbó ní Kàbà,
ó bu ilẹ̀ sọ́wọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní:
"Ẹran kún inú ọbẹ̀ yìí, iyọ̀ ni kò sí."

Òrùka ọdún náà nìyí. Ẹ fi ìka kàn án.
Ó fẹ̀ tó àtàńpàkò mi.
Àpò ajílẹ̀ mẹ́fà, owó gààrí ìyá mi,
àti eérú ààrò gbogbo àdúgbò tí a fi agbọ̀n rù.
Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta: wọ́n ṣì fẹ̀.
Nígbà tó fi máa di ẹ̀kẹfà, wọ́n ti tín-ín-rín bí òwú.

Ó tún fọ́n ọn lẹ́ẹ̀kejì.
Ọdún yẹn ni mo jókòó sílé ní fọ́ọ̀mù tíríì,
owó ìwé mi wọlẹ̀.
Ẹ wò ó níbí. Ó fẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó ti àkọ́kọ́.
Mo ti wọ̀n ọ́n: ọdún mi kan, ìdajì àtàńpàkò.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ńkọ́? Ẹ wá a títí, ẹ ò ní rí i.
Ó fọ́n ajílẹ̀ o, ó kọ̀wé sí mi nípa rẹ̀,
àpò mẹ́wàá.
Ṣùgbọ́n èmi akókòtò ti lọ sílé ọkọ ní Ẹ̀gbẹ̀,
koríko dí ojú omi,
àbàtà padà wá jókòó sáyè rẹ̀.
Gbòǹgbò tó ń mumi yó, kí ni yóò fi oúnjẹ ṣe?

Títí bàbá mi fi kú, ajílẹ̀ ló ń bú.
Ayédèrú, ó ní, ni wọ́n tà fún òun ní Ìsánlú.
N ò já a nírọ́.
Lọ́jọ́ tí a sin ín, mo rìn dé ibi kòtò:
ọ̀pọ̀lọ́ ń ké nínú rẹ̀, wọ́n pọ̀, inú wọn dùn.

Ó dáa. Ẹ tan ẹnjìnnì yín.
Bí ẹ bá la eléyìí,
ẹ yọ pákó kan sọ́tọ̀ fún mi,
èyí tí fọ́ọ̀mù tíríì wà nínú rẹ̀.
Ẹ má bi mí ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.