Ìránṣẹ́ Epo

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ní Keighley, òtútù ti gba gáréèjì.
Mo bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì Mọ́rìsì tí Ọ̀gbẹ́ni Ackroyd fi sílẹ̀ fún mi,
ọkọ̀ tó jù mí lọ́jọ́ orí.
“Má fún un jù,” ló máa ń wí, “idẹ kì í gbàgbé ipá.”

Mo yọ ti àtijọ́. Epo dúdú ṣàn dé ìgúnpá mi.
Mo fi téèpù funfun wé tuntun náà lọ́rùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta,
bí ẹni ń pọn ọmọ nínú ọyẹ́,
mo lọ́ ọ wọlé, mo so wáyà, mo ṣáná.
Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí kùn.
Abẹ́rẹ́ kò mira.

Èmi tí mo ń wọn ìfúnpá aláìsàn mọ́jú ní wọ́ọ̀dù,
mo dúró, mo ń wo òdo.

Àṣé èmi ni mo fi aṣọ dí ìránṣẹ́ lẹ́nu:
irin lára irin ló fi ń jíṣẹ́.
Mo bó téèpù dànù. Wáṣà bàbà kan péré,
sípánà, díẹ̀, díẹ̀ sí i, ó tó.

Abẹ́rẹ́ gbéra. Ogún. Ogójì. Ọgọ́ta.
Mo ti la ẹnu láti pè é kọjá ọgbà
kí n tó rántí.