Ọlọ́rùn Wúrà

Lára òdòdó pupa ẹ̀yìnkùlé wa l'Ókè-Fìà,
ẹyẹ bíńtín kan ń fi ẹnu gígùn fa oyin.
Ariwo ọ̀kadà ò mì ín;
ó ń bà lé okùn aṣọ Rafátù bí onílé.

Ọmọ ìyá rẹ̀ ọlọ́rùn wúrà kò mọ ìgboro.
Igbó etí odò nìkan ni tirẹ̀,
òdòdó àfòmọ́ loúnjẹ rẹ̀.
Igi tí àfòmọ́ gùn,
wọ́n ti fi la pákó.

Múńtáqà olùkọ́ ṣí ìwé rẹ̀.
Ti ìgboro: Ó pọ̀.
Ní ti èkejì, bírò dúró.
Ó kọ ọ́ wínníwínní: Ó ń tán.

"Ṣé ọ̀kan náà kọ́ ni wọ́n?" Màmá bèèrè.
Mo tún wo orí okùn.
Ọrùn rẹ̀ dúdú.