Ọlọ́kadà, Rọra

Háàdì bàbá mi ti ń dún láti ọjọ́ Àìkú:
kọ́, kọ́, kọ́, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn tí a ò ṣí.
Fọ́tò ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀,
láti ìgbà tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà l'Ítòkò.

Mo gbé e lọ bá Ṣóyọyè ní Sàpọ́n.
Ó fi sétí bí aago ọwọ́ tó kú.
"Àgbà yìí ò ní pẹ́ mọ́. Yáa ra òmíràn."

Ó kó mẹ́ta sórí tábìlì.
"Eléyìí ń yí bí òkòtó. Inú rẹ̀ fẹ̀, owó rẹ̀ ò ga,
àmọ́ bó bá já bọ́, ó parí.
Eléyìí ò ní ohun tó ń yí. Kó o tó ṣẹ́jú, ó ti ṣí;
owó rẹ̀ ló máa mú ọ ṣẹ́jú."
Ẹ̀kẹta ńkọ́?
"Àdàlù. Èyí tó o bá ń pè lójoojúmọ́
ló ń sáré jẹ́ ọ. Ìyókù, sùúrù."

Mo ní, èwo ló ń ké kó tó kú?
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní olówó gọbọi yẹn,
o kàn máa jí lọ́jọ́ kan ni, á ti dákẹ́.

Bàbá mi náà, wọn ò dágbére.
Àárọ̀ Jímọ́ọ̀ ni. Tíì wọn ṣì gbóná.

Mo ra òkòtó. Méjì.
Ṣóyọyè ń kó fọ́tò jáde títí ilẹ̀ fi ṣú;
mẹ́tàdínlógún kọ̀, wọn ò jáde,
tó fi mọ́ ti afárá Láfẹ́ńwá lọ́jọ́ tí Ògùn kún.

Mo fi ìró ìyá mi wé wọn, mo gun ọ̀kadà.
Kòtò pọ̀ lọ́nà Ìtòkò.
"Ọlọ́kadà, rọra."
"Ṣé ẹyin lẹ gbé ni?"
Mo ní, "Bàbá mi ni."